Ẹranko Inú Ìgò: Ìbéèrè Láti Ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù ẹranko ju ohun tí ojú ìwé yìí gbà lọ. Mẹ́fà la mú. A gé èyí tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìgò mọ́kànlá ló wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wa, ejò, ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá ló wà nínú wọn. Omi inú wọn ti dà bí àgbo, àwọn kan ti fà dé ìdajì, ara ọ̀pọ̀lọ́ kan sì ti ń rọ̀. Kí la lè ṣe? Ṣé a lè fi ògógóró rọ́pò oògùn tó wọ́n yẹn?
*Olùkọ́ bàólójì, Mọ́pà*

Ọ̀gá olùkọ́, kí ẹ tó da ohunkóhun nù, ẹ wá ìwé lára ìgò àti nínú rẹ̀: ibi tí wọ́n ti mú ẹranko náà, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹni tó mú un. Bí ìwé bá wà, ẹ yà á ní fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Ìgò tó ní ìwé ló yẹ kí ẹ fi wàhálà tó ń bọ̀ yìí ṣe ní àkọ́kọ́. Èyí tí kò ní, ọmọ iléèwé lè fi mọ bí ejò ṣe rí, kò sì wúlò ju ìyẹn lọ.

Oògùn méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Fọ́málíìnì ló ń mú kí ẹran le kó má jẹrà. Ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù 70% ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ṣí ìgò tí ó ta yín lójú tí omijé ń dà, fọ́málíìnì ni. Àwọ̀ omi tó dà bí àgbo yẹn kò léwu fún ẹranko inú ìgò, ọ̀rá àti àwọ̀ ara ẹranko ló jáde sínú rẹ̀. Fífà tó ń fà ló léwu: ọtí máa ń yára gbẹ ju omi lọ, nítorí náà ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìgò tó fà dé ìdajì lè má tó 50% mọ́. Ìyẹn kò lè dá ìjẹrà dúró, òun ló fà á tí ọ̀pọ̀lọ́ yín fi ń rọ̀.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá. Ẹ gbé tábìlì sábẹ́ igi, kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn yín fẹ́ wá, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sún mọ́ ọn o, nítorí fọ́málíìnì wà lára ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹranko tó wá láti inú fọ́málíìnì, ẹ rì í sínú omi lásán fún wákàtí 24, ẹ pààrọ̀ omi náà, ẹ tún rì í fún wákàtí 24 sí i. Lẹ́yìn náà ó wọ ọtí 30% fún ọjọ́ kan, 50% fún ọjọ́ kan, kó tó wá wọ 70% tí yóò máa gbé. Ẹni tó bá gbé e láti inú omi sínú 70% lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i tí awọ ọ̀pọ̀lọ́ hunjọ tí ojú rẹ̀ sì rì wọnú. Èyí tó ti wà nínú ọtí tẹ́lẹ̀ kò nílò omi. Ẹ gbà á láti 50% sí 70%. Èyí tó ti ń rọ̀ kò tíì gbọ́dọ̀ fojú kan omi lásán. Ẹ kọ́kọ́ dá a padà sínú fọ́málíìnì 10% fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ bí a ṣe wí.

Ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà sábà máa ń jẹ́ 96%. Kó lè di 70%, ẹ mú ike omi 75 cl, ẹ da ọtí náà sí i dé 55 cl, ẹ fi omi dísítílù kún un dé 75. Àwọn tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe máa ń ta omi dísítílù, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò dáadáa, nítorí ásíìdì bátìrì kì í jìnnà sí i lórí tábìlì wọn. Ní ti fọ́málíìnì, èyí tó ti ṣọ́ọ̀bù wá jẹ́ nǹkan bíi 37% sí 40% formaldehyde. Ife kan rẹ̀ pẹ̀lú ife omi mẹ́sàn-án ni à ń pè ní fọ́málíìnì 10%. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń fò ni pé fọ́málíìnì a máa kan bó bá pẹ́, kíkan rẹ̀ a sì máa jẹ eegun. Ẹ óò rí ejò tí ara rẹ̀ dúró dáadáa lójú, ṣùgbọ́n tí egungun ìhà rẹ̀ ti yọ́ tán. Gíráàmù 4 sodium phosphate oníkan, èyí tí wọ́n ń kọ monobasic sí lára, pẹ̀lú gíráàmù 6.5 ti dibasic nínú lítà kan ló ń pa kíkan náà. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ fi ṣíbí ìmutíì kan bóráásì sí lítà kan.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹranko tuntun kún un, fọ́málíìnì tó wà lóde ara nìkan kò ní dé inú. Ẹ fi sírínjì fún un ní ikùn, ní itan àti ní ìdí ìrù. Fún ejò, ẹ máa gún un káàkiri ikùn láti ọrùn dé ìdí. Ẹ ká ejò náà kí ó tó le, kó bá ẹnu ìgò mu, nítorí lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ kò ní gbà mọ́. Omi oògùn gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ a máa lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ejò tó sanra a máa lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ejò náà bá jẹ́ paramọ́lẹ̀ tàbí ṣèbé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀: orí ejò tí wọ́n ti gé kúrò lọ́rùn ṣì lè bu èèyàn jẹ.

Ògógóró kò dára fún un. Agbára rẹ̀ kì í dọ́gba láti ọwọ́ ẹni tó ń pọn ọ́n sí ọwọ́ ẹlòmíràn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì tó 60%. Sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò kun ara ẹranko. Ìdérí irin máa ń dípẹtà, ti ike ni kí ẹ lò, kí ẹ fi fáásílìnì pa ẹnu ìgò, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Oògùn àtijọ́ tí ẹ bá dà kúrò, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó ní yàrá àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń da tiwọn nù. Ẹ má dà á sójú àgbàrá.

Mo kà á pé mùsíọ́mù ohun alààyè tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan tó tó mílíọ̀nù 80. Kí ni wọ́n fẹ́ fi irú eku kan ṣoṣo tó tó igba ṣe? Ṣé ẹyọ kan kò tó ni?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀gbẹ̀*

Ẹyọ kan kò tó. Ẹ wo alángbá tó wà lára ògiri yín. Akọ tó ti dàgbà ní orí pupa bí ọsàn tó pọ́n, ara rẹ̀ sì dúdú bí ẹ̀lú. Abo àti àwọn ọmọ rí bí erùpẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ju ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ lọ́wọ́ yóò pè wọ́n ní ẹ̀yà méjì, ìwé ò sì ní gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni akọ kan náà máa ń pàwọ̀ dà láti àárọ̀ kùtù sí ọ̀sán gangan. Ó dìgbà tí a bá tẹ́ ọgbọ̀n tàbí ogójì sílẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ti òjò, ọmọdé àti àgbà, kí a tó mọ ibi tí ìyàtọ̀ inú ẹ̀yà kan parí sí tí ẹ̀yà mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Alángbá yìí kan náà ti dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ọdún 1758 ni Linnaeus ará Sweden fún un lórúkọ, ìwé tó jáde lọ́dún náà sì ni gbogbo ayé fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹranko. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé kí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní òkú ẹranko kan tó jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn lè lọ wò. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní alángbá kan ṣoṣo káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ẹ̀yà kan lọ, wọ́n padà sídìí ẹlẹ́rìí Linnaeus, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Mùsíọ́mù Koenig ní ìlú Bonn, ní Jámánì, yan ẹlẹ́rìí tuntun, alángbá kan láti Kamẹrúùnù. Ó lé ní igba ọdún tí a ti ń pe orúkọ náà kí ìdí rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti eku tí ẹ béèrè gan-an, ìdáhùn rẹ̀ wọ ilé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eku ilé tí abo rẹ̀ ní ọmú tó lè tó mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n ń pè ní Mastomys, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 láti ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, tó sì ń yọ àwọn aládùúgbò yín ní Oǹdó àti Ẹdó lẹ́nu lọ́dọọdún. Mastomys natalensis àti Mastomys erythroleucus jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Èkíní ní kromosóòmù (okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) 32, èkejì ní 38. Ẹ kò lè ka ìyẹn lára awọ. Ní 2016 ni àwọn onímọ̀ kan, tí Ayodeji Olayemi ti mùsíọ́mù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì náà lára Mastomys erythroleucus pẹ̀lú, àti lára eku igbó kan tó ń jẹ́ Hylomyscus pamfi, níhìn-ín ní Nàìjíríà. Ká ní ẹyọ eku kan péré ni wọ́n mú, tí wọ́n kọ "eku" sí i lára, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀.

Ìdí kejì ni pé ẹni tó kó nǹkan jọ kì í mọ ohun tí a máa fi ṣe lọ́la. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń fi ẹyin ẹyẹ ṣe eré ìgbafẹ́ kó ẹyin irú àṣá kan tí wọ́n ń pè ní peregrine jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1967 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Derek Ratcliffe wọn èèpo wọn, ó rí i pé láti nǹkan bíi 1947 lọ ni èèpo náà ti ń fúyẹ́ sí i, tí ẹyin sì ń fọ́ lábẹ́ ìyá. Ọwọ́ DDT, oògùn apakòkòrò, ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Àwọn tó kó ẹyin 1920 kò gbọ́ orúkọ DDT rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó wá orísun àrùn olú tó ń pa àkèré káàkiri ayé ṣe rí i lára àkèré kan tí wọ́n ti fi sínú ìgò láti 1938 ní Gúúsù Áfíríkà.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ orúkọ ti parí lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1958 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Elgood fún ẹyẹ kan láti ẹbí ẹga lórúkọ láti ìlú Ìbàdàn, Malimbus ibadanensis, tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ. Ti ẹyẹ kékeré orí àpáta ní Jọ́ọ̀sì, Lagonosticta sanguinodorsalis, kò jáde títí di 1998. Ilẹ̀ yín náà ní àpáta, ó ní igbó etídò, ó ní ọ̀dàn, ó sì jẹ́ ibi tí ẹranko igbó dúdú àti ẹranko ọ̀dàn ti ń pàdé. Irú ibi báyìí ni mùsíọ́mù ti ń fẹ́ ju ẹyọ kan lọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àkọsílẹ̀ ẹranko tí wọ́n mú ní "Kabba Prov." àti òmíràn ní "Ayetoro, Kwara State". Ṣé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń sọ?
*Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀*

Bàbá, ìbéèrè yín yìí ló dùn mọ́ wa jù lóṣù yìí. "Kabba Prov." (Kabba Province) jẹ́ agbègbè ìjọba, kì í ṣe Kàbà ìlú. Ní ayé Gẹ̀ẹ́sì, Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú agbègbè náà, ilẹ̀ Ígálà àti ti Ébírà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹranko "Kabba Prov." lè wá láti Ìdah, ní òdìkejì odò Ọya. Fún ẹranko tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ tí kò sì lè fò, odò yẹn kì í ṣe kékeré, ẹni tó bá fi àmì sí Kàbà lórí máàpù lè ti fi ẹranko sí etí odò tí kò dé rí.

"Kwara" náà gba ìṣọ́ra. Láti 1967 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ títí di 27 Oṣù Kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, abẹ́ ibi tí a wá ń pè ní Kwara ni ilẹ̀ Òkun wà. Ígálà náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Benue ní 1976. Àkọsílẹ̀ "Kwara, 1972" lè jẹ́ Ìlọrin, ó lè jẹ́ Ìsánlú, ó sì lè jẹ́ Ìdah. Èyí tí wọ́n kọ ní 1985, Ígálà ti kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára ìwé ló ń túmọ̀ ibi tó wà lára rẹ̀, ìwé tí kò bá ní ọjọ́ ti di àlọ́.

Ayétòrò wá ńkọ́? Tiyín wà ní Ìjùmú, òmíràn wà ní Ògùn, òmíràn wà létí òkun ní Oǹdó, ilẹ̀ Bùnú sì ní Ayétòrò Kírí. "Ayetoro, Kwara State" kò lè jẹ́ ti Ògùn tàbí ti Oǹdó, ṣùgbọ́n kò tíì dá tiyín yà sí ti Kírí. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó wà ní Yàgbà, ó wà ní Èkìtì, ó wà ní Èkó, bí wọ́n bá sì kọ gbogbo wọn láìfi àmì ohùn sí i, "Egbe" ni gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ń kọ ìwé tuntun, ẹ kọ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀: orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ìlú, kí ẹ wá sọ jíjìnnà sí ìlú àti apá ibi tó wà. Ẹ kọ irú ilẹ̀ náà: oko kaṣú, etídò, ẹsẹ̀ àpáta. Ẹ gba nọ́ńbà GPS ibẹ̀ lórí fóònù, kí nọ́ńbà mẹ́rin wà lẹ́yìn póìǹtì. Méjì péré lè ṣì yín lọ́nà tó kìlómítà kan. Mẹ́rin ń fi yín sí nǹkan bíi mítà mọ́kànlá. Ẹ kọ N (àríwá) àti E (ìlà-oòrùn) sí i. Kàbà wà ní nǹkan bíi 7.8 N, 6.1 E. Ẹni tó bá yí wọn padà ti gbé Kàbà lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀bọ́nyì, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo, nítorí Nàìjíríà náà ṣì ni. Fún ọjọ́, ẹ má kọ 03/04/2024, nítorí Amẹ́ríkà yóò kà á sí Oṣù Kẹta, àwa yóò kà á sí Oṣù Kẹrin. 3.iv.2024 ni mùsíọ́mù ń kọ. Pẹ́ńsùlù tàbí íńkì tí ọtí kò lè fọ̀ ni kí ẹ lò. Bírò a máa yọ́ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìwé yóò funfun báláú. Inú ìgò ni ìwé náà ń gbé pẹ̀lú ẹranko. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò ni aáyán máa ń jẹ.

Orí ẹran tó wà lára ògiri ahéré mi lé ní ogójì: ẹtu, ìgalà, òòrẹ̀, ọ̀yà, ọ̀bọ. Ọmọ yunifásítì kan ní òun fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwádìí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi eegun ṣe? Báwo ni mo sì ṣe lè fọ àwọn tuntun?
*Ọlọ́dẹ, Bùnú*

Bàbá ọlọ́dẹ, eyín àti eegun orí ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ ẹranko tó jọra. Ó tún ń sọ ọjọ́ orí: ẹran tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán yàtọ̀ sí èyí tí ti ẹ̀yìn kò tíì hù. Ògiri yín jẹ́ ìwé ìtàn igbó náà, ṣùgbọ́n orí yín lọ́hùn-ún ni ìwé ọ̀hún wà. Kí ọmọ náà tó gbé eegun kan, kó jókòó tì yín pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ẹ máa nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ibo lẹ ti pa á, akọ ni àbí abo, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbí ti òjò, nǹkan bí ọdún wo. Èyí tí ẹ kò bá rántí, ẹ sọ pé ẹ kò rántí. Ẹ má fi ìmẹ̀fò kún un. Bí ó bá kó wọn lọ láìkọ nǹkan kan, a jẹ́ pé eegun lásán ló rí kó.

Fún àwọn tuntun, ẹ yọ ẹran tó bá rọrùn yọ, ẹ fi ọ̀pá pẹlẹbẹ kó ọpọlọ jáde, kí ẹ rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó ní ìdérí, níbi tí òórùn kò ti ní lé ará ilé jáde. Ẹ máa da ìdajì omi náà nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ máa fi òmíràn kún un. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹran á bọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń da omi náà, ẹ sẹ́ ẹ, nítorí eyín a máa bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sá a sí abẹ́ òjìji. Ẹ má sè é títí tí yóò fi máa hó kùtùkùtù, eyín yóò sán. Ẹ má fi Jíìkì fọ̀ ọ́ kó lè funfun, Jíìkì a máa jẹ eegun fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ má sin ín sínú ilé èèrà, àfi tí ẹ kò bá fẹ́ rí eegun wẹ́wẹ́ mọ́. Ẹ fi okùn so àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Àgbọ̀n tó bá ṣáko lọ di ti ẹran ẹlòmíràn.

Nítorí ibà Lassa tí a sọ lókè, ẹ má fọwọ́ lásán bó eku kankan, pàápàá àwọn kéékèèké. Ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú. Tábìlì àti ọ̀bẹ, ẹ fi Jíìkì 3.5% pò mọ́ omi nù wọ́n, ife kan sí ife omi mẹ́fà, kí ó wà lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án.

Ọ̀rọ̀ kan kù: kò sí mùsíọ́mù gidi tó yẹ kó ní kí ẹ lọ pa akíká wá fún òun. Òfin àgbáyé ti fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láàárín orílẹ̀-èdè láti Oṣù Kìíní 2017, Nàìjíríà sì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tó ń parẹ́ láti 1985. Orí ẹran tó ti wà nílẹ̀ tó fún ìwádìí.

Labalábá àti yímíyímí tí mo gún mọ́ páálí ti di ìyẹ̀fun, kìkì pínnì ló kù. Mo fi kánfọ̀ sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?
*Ọ̀dọ́, Ìsánlú*

Ìyẹ̀fun yẹn ni ìgbẹ́ ọmọ kòkòrò kékeré onírun tí wọ́n ń pè ní Anthrenus. Àgbà rẹ̀ ń jẹ òdòdó ní ìta, ó fò wọlé láti ojú fèrèsé, ó yé ẹyin sínú páálí rẹ. Kánfọ̀ a máa lé e, kì í pa á, bí ó bá sì ti wà nínú rẹ̀ kí o tó fi kánfọ̀ sí i, ńṣe ni o ti í mọ́ ìdí oúnjẹ. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń sùn sí yàrá náà, bẹ́ẹ̀ ni kánfọ̀ tó bá fara kan fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n lè jẹ ẹ́. Jọ̀ọ́, má sì lo oògùn apakòkòrò DDVP. Kò sí labalábá tó tó ìyẹn.

Fírísà ló ń pa á. Di àpótí náà sínú nylon tó dí pinpin, kó wà ní ìwọ̀n 18 tàbí 20 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Iná mànàmáná ló máa ń ba eléyìí jẹ́: bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹyin yóò kọ́ bí a ṣe ń fara da òtútù. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan nínú fírísà, ọjọ́ kan níta, ọ̀sẹ̀ kan nínú fírísà lẹ́ẹ̀kan sí i ló dára, lọ́dọ̀ ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sùn. Àwọn tó ń ta ẹja dídì ní irú fírísà bẹ́ẹ̀. Ohun tí o máa sọ fún wọn pé ó wà nínú nylon, ọwọ́ rẹ ló wà. Bí o bá gbé e jáde, má ṣí nylon títí di ọjọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sára ìyẹ́ rẹ̀.

Kó tó wọ àpótí, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ní àsìkò òjò, kí ọ̀rinrin inú àpótí má kọjá 60%; bí ó bá ti lé ní 65%, ìbú á hù sí i. Àwọn àpò kéékèèké tó ń bá bàtà tuntun wá nínú páálí wúlò níbí. Nígbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ kòkòrò á gbẹ bí ewé, fífọwọ́ kàn án lásán á dá a. Èyí tó bá ti gan kí o tó gún un, fi sínú ike tó ní yanrìn tútù àti ẹ̀kán omi Dẹ́tọ́ọ̀lù kan fún ọjọ́ kan sí méjì, á rọ̀.

Pínnì ọ́fíìsì nípọn, ó kúrú, ó sì ń dípẹtà. Ti kòkòrò gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 38. Àárín àyà ni a ń gún labalábá. Yímíyímí, ìyẹ́ líle apá ọ̀tún. Tata, ọ̀tún ẹ̀yìn ọrùn, kí apá òsì lè wà ní pípé fún ẹni tó fẹ́ wò ó. Fi ẹsẹ̀ tábìlì sínú agolo tó ní epo ẹ́ńjìnnì nítorí èèrà. Ìwé ń lọ sábẹ́ kòkòrò lórí pínnì kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Má kọ ìwé kan lé orí gbogbo páálí.

Bí mo bá rí ẹranko tí n kò mọ̀, ibo ni kí n gbé e lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ní òkèèrè ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.
*Òǹtajà, Ìyàrà*

Má gbé e. Ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti abẹ́ ikùn, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì pa ibi tí o ti rí i mọ́ sórí fóònù. Bí ó bá ti kú, gé ẹran tó tó hóró ìrẹsì kan sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù 96% kí ẹnikẹ́ni tó fi fọ́málíìnì kàn án, nítorí fọ́málíìnì a máa ba DNA, àbùdá inú ẹran náà, jẹ́. Mùsíọ́mù ohun alààyè tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn gba ìbéèrè lórí onírúurú ẹranko. Fún kòkòrò, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sàmárù ní àkójọ. Fún ẹyẹ, ilé ìwádìí Leventis tó wà lábẹ́ Yunifásítì Jọ́ọ̀sì.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, Nàìjíríà ti wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, láti 1974. Ẹran tó bá wà lábẹ́ àdéhùn náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ láti ilẹ̀ wa, àti láti ọ̀hún pẹ̀lú fún àwọn tí òfin mú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tàbí ìyẹ́ kan. Ẹni tó bá jẹ́ onímọ̀ ní tòótọ́ mọ ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.